Àkàrà Sàráà Rójà

Akínyẹlé,
Ọjọ́ Ajé.

Rùqáyyàh ọmọ mi,

Àlàáfíà Allah kí ó máa bá ọ gbé ní Àjíbọ́dé níbẹ̀ yẹn. Ṣé ara le, ṣé ẹ̀kọ́ ń lọ? Ojú kò ní tì wá lórí rẹ. Ara ìyá rẹ dá, ẹ̀gẹ́ ta dáadáa, ewúrẹ́ bí ìbejì. Èmi nìkan ni ọkàn mi kò balẹ̀, ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì tí o gbàgbé sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà Iléyá ló sì fà á.

Tíṣà Akíntáyọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Alásárì. Báyìí la ṣe mọ Rójà, jagunjagun orí ẹṣin tó ń wá àpótí kan tí àwọn àgbà ìjọ ayé àtijọ́ kó àṣírí ẹ̀sìn wọn sí. Ẹ̀wù irin ni ọkùnrin yìí ń wọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo bi Tíṣà léèrè ẹni tó ń bá a fọ̀ ọ́, Tíṣà ní wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀. Ọba ń lé e, bíṣọ́ọ̀bù ń lé e, kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ, àánú rẹ̀ ṣe mí. Àfi bí wọ́n ṣe ta á lọ́fà tó ré sódò tòun ti irin lára. Ibẹ̀ ni Tíṣà pa ìwé dé, ó ní òun ń lọ sí ìsọmọlórúkọ ọmọ ọmọ òun ní Ọ̀yọ́, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọmọ mi, ta ni yóò ṣe òkú Rójà? Mo lọ bá Àáfà Jùbrílù pé kí wọ́n bá wa ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n ní àwọn kò lè ṣe é fún ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí, ṣùgbọ́n bí a bá pè é ní sàráà lásán, àwọn yóò wá jẹun. Wọ́n wá lóòótọ́, àwọn àti ènìyàn mẹ́rìnlá. Ìyá rẹ dín àkàrà kóńgò méjì, nígbà tí bébà tó fi ń pọ́n ọn sì tán, ó fa àwọn ewé ẹ̀yìn ìwé náà ya, ó ní ẹni tó ni ìtàn ti kú, kí ló kù tí a fẹ́ kà. Èmi náà rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá.

Tíṣà dé, ó ṣí ìwé, ojú ìwé tó tẹ̀ lé e gan-an ni Rójà ti wẹ̀ jáde lódò. Inú mi dùn, ojú sì tì mí. Ilé dé ilé ni mo ti lọ gba bébà àkàrà padà, Hasanat aládùúgbò wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀kan dáná. Epo rin wọ́n gbindin, síbẹ̀ Tíṣà kà á. Rójà ti gbé ọwọ́ lé ìdérí àpótí báyìí, ewé kan ṣoṣo ló kù.

Ìyá rẹ ló mú ewé náà. Ó so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó ń gbé e lọ sóko. Tíṣà bẹ̀ ẹ́, Àáfà bẹ̀ ẹ́, ó ní láti Iléyá ni òun kò ti rí ọ, Àjíbọ́dé kò sì ju ọ̀kadà kan lọ, ọmọ tó ni ìwé ni yóò wá kà á sí òun létí.

Jọ̀ọ́, wá ní Sátidé. Bí o bá lè mú owó díẹ̀ dání, bá wa mú un, ti ẹ̀wà àti epo tí a ná sórí òkú tí kò kú. Allah yóò ṣọ́ ọ lọ, yóò ṣọ́ ọ bọ̀, ojú wa kò ní rí àkàrà rẹ. Ṣùgbọ́n tètè wá, ọwọ́ á ti máa ro Rójà lórí ìdérí yẹn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Roheem.