Ọmọ Tí Ẹ Pọ̀n Lójú Àlá

Ìyá mi tó ń sùn ní Lougba,

Èmi ni, ọmọ yín tó máa ń rẹ́rìn-ín lásán. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta wa yìí ti ju ogún ọdún lọ. Eyín mi ku mẹ́rin. Tí ẹ bá rí mi báyìí, ẹ ó rò pé ìyá tiyín ló dé.

Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Rósálì, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Ó bi mí pé ibo la máa fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí. Mo ní abẹ́ ìrọ̀rí mi ni, ibẹ̀ lẹ máa ń gbà wá bá mi. Ó rẹ́rìn-ín. Kó yáa rẹ́rìn-ín rẹ̀ kí n tó débi ọ̀rọ̀, torí ẹ̀rù ń bà mí, ìyá mi.

Mo lá àlá yín ní ìjẹta. Ẹ wà lójú ọ̀nà odò wa, ìkòkò wà lórí yín, ẹ pọn ọmọ kan sẹ́yìn, ọmọ tuntun, ó ṣì pupa. Ẹ̀yìn yín nìkan ni mo rí. Mo pè yín, ẹ ò wẹ̀yìn. Mo sáré, sáré, ẹsẹ̀ mi ò kúrò lójú kan. Bí mo ṣe jí nìyẹn.

Rósálì, má dá ọwọ́ dúró. Kọ ọ́. Mo mọ̀ pé oyún rẹ ti wọ oṣù kẹsàn-án, ìdí tí mi ò fi sọ fún ẹ nìyẹn. Ta ni mo tún fẹ́ bẹ̀? Ìwọ nìkan lo mọ̀wé nínú ilé yìí.

Ìyá mi, ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe ń ṣe tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá lá àlá burúkú? Ẹ kì í jẹ́ ká kí èèyàn. Ẹ ó ní ká bu omi sẹ́nu, ká lọ tu ú sórí eérú ìdáná, ká sọ àlá náà fún eérú, torí eérú ò lẹ́nu. Ẹ ní ẹnu tó bá kọ́kọ́ túmọ̀ àlá ni àlá ń tẹ̀ lé. Mo jí, mo bu omi sẹ́nu, mo wá eérú, kò sí. Gáàsì la fi ń se oúnjẹ báyìí. Ni mo bá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Pọ́ọ̀lù, aládùúgbò wa tó ń fi igi dín àkàrà. Ó kí mi, ó ní kí ló dé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Ẹ mọ ẹnu mi. Mo gbé omi náà mì, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí epo, àkàrà ń jó. Ó ní, “Òkú tó bá pọn ọmọ lọ, kì í dá a padà. Ẹ ṣọ́ aboyún yín.”

Láti ìgbà náà, mò ń ṣọ́ ọmọ ọmọ mi. Rósálì bá wúkọ́, n ó dìde. Ó bá dákẹ́, n ó tún dìde. Lánàá ó fẹ́ gun zémíjàn, alùpùpù akérò, lọ kí ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà ní Gouka, mo jókòó lé bàtà rẹ̀. Ó rò pé mò ń ṣeré.

Ọmọ ta lẹ pọ̀n yẹn? Ṣé ọmọ wa ni? Kí la ṣe yín? Ṣé torí mi ò wá ro ojú oórì yín láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn mí ni? Èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí. Ẹ má bínú sí ẹni tí kò tíì rí oòrùn.

Rósálì gbé bírò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó sunkún díẹ̀. Ó wá bi mí pé ìkòkò yẹn ńkọ́, ṣé omi wà nínú rẹ̀? Mo ní ó wà, ó ń kán sí yín lọ́rùn, ó ń kán sórí ọmọ náà. Ó ní, “Màmá, ẹni tó ń lọ sódò kì í ru omi. Ilé ni wọ́n ń bọ̀.”

Èmi tí mo dàgbà lójú ọ̀nà odò, mi ò ronú kàn án. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu mi tí ẹ̀rù tún fi dé: ilé wo? Ilé tiwa, àbí ilé tí ẹ wà báyìí?

Mo rántí ọjọ́ kan. Ẹ ti odò dé, ẹ pè mí kí n wá bá yín gbé ìkòkò sọ̀. Mò ń ṣeré lẹ́yìn àká, mo gbọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà tẹ̀yin ti omi lórí, àbúrò mi lẹ́yìn yín, títí ọrùn yín fi ń gbọ̀n. Ẹ ò nà mí. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo ti gbé àga mi sẹ́nu ọ̀nà. Ilé wa nìyí, ẹ má kọjá. Bí ẹ bá pè mí lẹ́ẹ̀kan péré, n ó dìde, orúnkún ì báà máa ké. Ọmọ ni n ó kọ́kọ́ gbà lẹ́yìn yín. Omi lè dà nù.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí.