Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ọjọ́ Ọjà

Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà

Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa ránṣẹ́ sí fóònù àwọn elépo láàárọ̀ yìí pé ọjà pé lónìí. Ìyá Àdùkẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì epo méjì wá láti Massè. Ọjà ṣófo. Ọ̀la ló pé.

"Ìwọ onímáṣíìnì, ṣé ewúrẹ́ ni kí n ta epo fún?" Ó ní bí ẹ̀rọ bá tún ṣì í, kí n pa nọ́ńbà òun rẹ́.

Èmi ni mo ṣì í. Mo kọ ọ́ pé kó máa ránṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, ìkarùn-ún, ìkẹsàn-án, títí dé ìkọkàndínlọ́gbọ̀n. Bí oṣù bá yí, ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Ọjà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń pé. Ọ̀rọ̀ oṣù kò kàn án.

Ìlà mẹ́ta péré ni mo fi tún un ṣe. Á máa jí ní aago márùn-ún lójoojúmọ́, á ka iye ọjọ́ láti ọjà àkọ́kọ́, á fi mẹ́rin pín in. Bí kò bá ṣẹ́kù, á ránṣẹ́; bí nǹkan bá ṣẹ́kù, á padà sùn láìná mẹ́gà dátà kankan. Mo fi ìka ka ọjọ́ ọjà títí dé ìparí ọdún: wọ́n bá ti ẹ̀rọ mu.

Ìyá Àdùkẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Bí fóònù rẹ̀ bá dún lọ́la, ọwọ́ lásán ni kó gbé bọ̀. Màá ti ru epo dé ìsọ̀ rẹ̀.