Kọ̀ǹpútà Tí N Kò Tan

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà 2025

Mo ti fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ Mutolib ọ̀rẹ́ mi – apá tó ń kọ nǹkan sí díìsìkì. Lọ́la ni yóò jáde fún gbogbo ayé. Gbogbo ayé kẹ̀! Àwa díẹ̀ tí a ń lo Ìpìlẹ̀, ètò tí àwa fúnra wa kọ láti máa darí kọ̀ǹpútà, ni. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá wù ú lè tú u wò, kó tún un ṣe. Linux ló ń gbé irú rẹ̀ ró níbi gbogbo. Kánẹ́ẹ̀lì mìíràn, ìyẹn ọkàn ètò, ló gbé tiwa ró. Wọ́n ní orí wa ò pé.

Òfin wa kan: má fọwọ́ sí ohun tí o kò dán wò lórí kọ̀ǹpútà gidi. Mi ò tan Arúgbó, kọ̀ǹpútà àtijọ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Kò síná, ó sì sú mi láti gbé e lọ sídìí jẹnẹrétọ̀ nísàlẹ̀. Inú láptọ́ọ̀pù ni mo ti dán an wò, lórí kọ̀ǹpútà àfarawé. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo wá kọ ọ́ pé: "Lórí ẹ̀rọ gidi. Ó dáa." Irọ́ kékeré.

Mutolib fi ohùn ránṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù àlùbọ́sà ìyá rẹ̀ ní Mile 12: "Fọlá! You be correct person jàre!"

Ọjọ́bọ̀, 5

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò lò ju ọjọ́ méjì.

Aunty Dorothy tó ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn ilé ìwé ní Sangisa gba Ìpìlẹ̀ tuntun sórí láptọ́ọ̀pù wọn. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ pa rẹ́. Ìwé ìṣirò tí Aunty fúnra wọn ti ń kọ fún àwọn ọmọdé láti ọjọ́ pípẹ́ – lọ. Wọn ò ní ẹ̀dà kankan.

Iná dé nírọ̀lẹ́. Mo tan Arúgbó, mo gbé Ìpìlẹ̀ tuntun sí i. Indomie mi ò tíì jinná tí díìsìkì tirẹ̀ náà fi dàrú. Ká ní mo tàn án lọ́jọ́sí ni!

Ọjọ́ Ẹtì, 6. Iléyá

Láti yídì, Mutolib gba Sangisa lọ tòun ti agbádá tuntun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Aunty Dorothy ní, "Ṣé ẹ ò test ẹ̀ ni?" Mutolib ní, "Fọláyẹmí test ẹ̀, ma. Èmi ni mi ò kọ ọ́ dáa. Ẹ má bínú."

Ó ṣì yà sọ́dọ̀ wa ní Alápẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹran wá nínú nylon. Mummy dín in. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Ojú ń tì mí pé ó dùn.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Oúnjẹ Olúwa lónìí. Mi ò jẹ ẹ́. Mo sọ fún Mummy pé inú ń run mí – irọ́ mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Jayé Ẹlẹ́nu kọ ọ́ sí group àwa tí a ń kọ Ìpìlẹ̀: "Mutolib, abeg, face àlùbọ́sà ẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ ẹ́: "Èmi ni mi ò dán an wò." Mo pa á rẹ́. Mo tún un tẹ̀. Mo tún pa á rẹ́. Jessica ní, "Fọlá ló test ẹ̀ o, Fọlá kì í ṣe careless." Mo pa dátà fóònù mi.

Nílé, ọmọ tí kò ríṣẹ́ ni mí. Ọ̀dọ̀ wọn ní group nìkan ni mo ti jẹ́ ẹni tí wọ́n fọkàn tán. Ojo ni mí.

Ọjọ́rú, 11

Ọ̀la ni màá sọ fún Mutolib.

Ọjọ́bọ̀, 12

Ọ̀la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Mo ti wọṣọ, Mile 12 ni mò ń lọ bá a. Ẹnu géètì wa la ti pàdé. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wà lábẹ́ apá, èyí tó fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

"Mi ò ṣe mọ́, Fọlá. Èèyàn ò lè máa ba nǹkan onínǹkan jẹ́. Mo ti sọ ní group pé ìwọ lo máa gbà á lọ́wọ́ mi. Gbogbo wọn ti ní ó dáa."

Mo ní, "Mutolib, gbọ́ –"

"Má bẹ̀ mí. Èmi, mo máa ń kánjú jù. Ìwọ, o kì í fọwọ́ sí nǹkan tó ò bá fojú ara ẹ rí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe gbé e fún ẹ."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó na láptọ́ọ̀pù náà sí mi.

Mo fọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo ní, "O ṣé."