Àwòrán Tí Bàbá Mi Ń Kí

                                        Ilé Jẹ́ẹ́dé,
                                        Kóso, Ìṣẹ́yìn.
                                        14 Oṣù Kẹrin, 2024.

Àwáwù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni mo bá ọ o? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Ẹ kú ọdún ìtúnu àwẹ̀. Ṣé òjò ti rọ̀ ní Ṣakí? Tiwa kàn ń ṣú ni, kò rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló dà mí lọ́kàn rú. Ṣé o rántí àwòrán ńlá tó wà ní pálọ̀ bàbá mi? Èyí tó ní mọ́ṣáláṣí gàgàrà, tí àwọn èèyàn ń tajà nísàlẹ̀ ẹ̀, tí ràkúnmí kan dí ọ̀nà mọ́ gbogbo wọn? Bàbá àgbà kan jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí náà, ó fi aṣọ kọ́ èjìká. Bàbá mi ní bàbá àwọn nìyẹn, tó lọ Mẹ́kà tí kò padà wálé mọ́. Ẹni tí wọ́n jọ lọ ló mú àwòrán náà bọ̀. O mọ̀ pé ahunṣọ ni bàbá mi; wọ́n ní aṣọ èjìká yẹn, ẹtù ni, òfì Ìṣẹ́yìn gidi, pé ta ló tún lè ní irú ẹ̀ nílẹ̀ Lárúbáwá? Àràárọ̀ ni wọ́n ń kí i.

Bàbá mi ń lọ Mẹ́kà lọ́dún yìí. Wọ́n ní kí n fi àwòrán náà sínú fóònù àwọn, kí àwọn lè fi bèèrè ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, kí àwọn ṣe àdúà fún bàbá àwọn níbẹ̀. Ni mo bá wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Yéè! Kì í ṣe Mẹ́kà rárá. Káírò ni, ní Íjíbítì. Òyìnbó kan tó ń rìn káàkiri ìlú àwọn Lárúbáwá ló fi ọ̀dà olómi yà á, kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi rárá. Wọ́n kàn tẹ tiwa jáde lára ẹ̀ ni.

Síbẹ̀, mo tún wo aṣọ yẹn, ẹtù ló jọ lójú mi. Ṣé òyìnbó yẹn rí ọmọ Ìṣẹ́yìn kan ni, àbí ó kàn fa ilà sí i? Orí mi dàrú. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á máa wá ohun tí kò sí kiri láàárín èrò.

Mo sọ fún wọn lánàá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Rùkáyàt, ta wá ni mo ti ń kí látọjọ́ yìí?” Ni mo bá bú sẹ́kún.

Ṣé mo ṣe é re, Àwáwù, àbí mo ṣìṣe? Jọ̀ọ́, sọ fún mi. Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ o.

Bí mo ṣe fẹ́ fọwọ́ sí i báyìí, mo gbọ́ ohùn bàbá mi ní pálọ̀: “Ẹ káàárọ̀ o, bàbá ẹlòmíì.”

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tọ́kàn ẹ̀ ò lélẹ̀,
Rùkáyàt.