Ibojì Màmá Nínú Ọgbà Ìjọba

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Karùn-ún, 2019

Mi ò mọ̀wé. Opal ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Àwọn ará yunifásítì tún wá lónìí — ẹ̀ka tó ń wá ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀. Àwọn àti Ọgbà ti di alájọṣe. Ọgbà ni mo ń pe ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀. Torí wáyà tí wọ́n fi yí i ká ni mo mọ̀ láti kékeré. Oko wa wà lára ilẹ̀ tí wọ́n gbà kọ́ ọ nígbà ogun àgbáyé kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún Pápà láti kó jáde. Màmá ti kú lọ́dún tó ṣáájú, inú oko yẹn la sin ín sí. Òkúta tó ní orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń jẹ́ ká wọlé, ká ro ibẹ̀, ká fi òdòdó sí i.

Ní báyìí wọ́n fẹ́ kọ́lé tuntun síbẹ̀. Wọ́n ní ká gbé Màmá lọ síbòmíràn.

Mo ní ó tì.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ó tì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Dókítà Pruitt, ọ̀gá àwọn ará yunifásítì yẹn, jókòó sí ìloro mi, ó ń jẹ búrẹ́dì àgbàdo Opal. Obìnrin jẹ́jẹ́. Ó ní, "Bàbá, a ò ní gbẹ́ nǹkan kan. Ẹ̀rọ kan la máa tì kọjá lórí ilẹ̀, á fi ibojì hàn wá. Tí mo bá ti mọ ààlà rẹ̀, mo lè bá Ọgbà jà kí wọ́n sún ilé wọn."

Mo ní, "Ṣé Ọgbà kọ́ ló ń sanwó fún ẹ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn náà ni. Mo sì ń bá wọn jà ṣáá."

Mo gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Ọmọlanke ni mo ń pe ẹ̀rọ náà. Wọ́n tì í lọ, wọ́n tì í bọ̀. Ojú Pruitt yí padà. Ó ní wọ́n ti tún ilẹ̀ náà gbẹ́ rí, wọ́n sì dí i padà. Kò sí pósí nísàlẹ̀.

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní tó bá dá a lójú, kó gbẹ́ ẹ níṣojú mi.

Ọjọ́rú, 22

Wọ́n gbẹ́ ẹ. Amọ̀ pupa. Òkúta. Kò sí pátákó, kò sí ìṣó, kò sí egungun. Ọkùnrin kan láti Ọgbà ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá." Mo gbọ́ ìtura nínú ohùn rẹ̀.

Gbogbo òdòdó yẹn. Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Mi ò jẹun. Opal ń bínú.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Opal fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ilé àwọn arúgbó, sọ́dọ̀ Àǹtí Verlie, àbúrò Pápà. Mo ní Ọgbà ti jí Màmá gbé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Orbie, olórí kunkun! Bàbá rẹ ló gbé e. Èmi àti ẹ̀ la jọ hú u. A fi háríhá àgbàdo bò ó nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ìwọ gan-an lo jókòó lórí ẹ̀, tí ò ń kọrin."

"Ibo ló wá sin ín sí?"

"Inú oko tẹ́ ẹ kó lọ. Kò fi ojú ibẹ̀ han èmi náà. Ó ní òun ò ní fi àmì kankan síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tún wá ní kóun gbé ìyàwó òun kúrò."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Ó ní kí n búra. O ò sì bi mí rí."

Oko yẹn ni mo ń gbé dòní. Kò síbi tí tùràkítọ̀ mi ò tíì kọjá nínú rẹ̀.

Opal wa ọkọ̀ dé ẹnu géètì oko wa. Mo ní kó dúró. Mo ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, mo na ẹsẹ̀ kan síta, mi ò mọ ibi tí mo lè tẹ̀ ẹ́ sí.