Okùn Baba Aslisho: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Nekqadam Shohnazarov (1951–2019)

A bí Baba wa, Nekqadam Shohnazarov, ní abúlé Rozhdara ní àfonífojì Bartang, láàrin àwọn òkè Pamir, ní ọdún 1951. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá wọn, Shohnazar. Màmá Oftobbegim ni ìyá wọn. Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ ní 1968, wọ́n fẹ́ Màmá wa, Savsan, ní 1973.

Iṣẹ́ ojú ọ̀nà ni Baba ṣe. Wọn a máa gbẹ́ òjò dídì tó bo ara òkè títí wọn yóò fi kan koríko, wọn a sì bu ti ìsàlẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Bó bá dì mọ́ra, ọ̀nà ṣí. Bó bá ń dà láàrin ìka bí iyọ̀, ọ̀nà tì, nítorí èyí tó wà lókè kò rí ibi fìdí lé. Bí èrò bá jọ gùn ún, gbogbo rẹ̀ lè ya lulẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1994, Màmá Oftobbegim papò dà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni a ń gbà dé itẹ́ òkú wa, àbùkù sì ni kí ọkùnrin má fi èjìká kan àkéte tí a fi ń gbé olóògbé. Baba gbẹ́ ojú ọ̀nà wò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí iyọ̀. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi okùn fa àkéte kọjá, kí èrò sì máa tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Mamadrahim, àbúrò ìyá wọn, fa ìbínú yọ: "Ìyá tó bí ọ lo fẹ́ wọ́ nílẹ̀ bí igi ìdáná? O ò tiẹ̀ tijú! Sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, jàre." Ojú ti Baba láàrin èrò, wọ́n ki èjìká bọ abẹ́ àkéte. A kò tí ì dé àárín tí òjò dídì òkè fi ya lulẹ̀. Ó gbé òkú Màmá Oftobbegim lọ, ó gbé Aslisho, àkọ́bí Baba, tí kò tí ì gbéyàwó. Ìgbà tí òjò dídì yọ́ ni a tó rí àwọn méjèèjì. Ọgbẹ́ náà kò jinná títí Baba fi lọ.

Láti ìgbà náà, kò sí ìsìnkú tí Baba kò dúró lẹ́nu gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn pẹ̀lú okùn. Mamadrahim fúnra rẹ̀ ló ń bá wọn di ìdí okùn mú títí tí òun náà fi kú. Ní ilé àdúrà, Baba ló ń yí òwú àtùpà tí a ń tàn fún òkú. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ níbi ìgbéyàwó: "Baba, ṣé ká máa wá jẹun lọ́kọ̀ọ̀kan náà ni?" Baba a ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ kọjá."

Baba fi Màmá wa sílẹ̀ lọ, àti ọmọ mẹ́ta, Nozigul, Khudoyor àti Shakarmo, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá. Kí wọ́n tó dákẹ́, wọ́n di ọwọ́ Màmá mú: "Ìyá Aslisho, wọ́n á fẹ́ gbé mi léjìká o. Má gbà fún wọn."

Ẹ̀yin èèyàn wa, Nozigul ti gbẹ́ ojú ọ̀nà wò. Iyọ̀ ni. A mọ̀ pé èjìká yín ń wá Baba. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa èjìká yín sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí okùn fa Baba kọjá, kí oníkálukú sì dúró títí ẹni iwájú rẹ̀ yóò fi dé òdìkejì. Kò sí àbùkù níbẹ̀.

Baba Aslisho, ẹ sùn re o. À ń bọ̀ lẹ́yìn yín, lọ́kọ̀ọ̀kan.