Kọ́bọ́ọ̀dù Onígíláàsì

Bàbá Ìbejì,

Ẹ má bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà lónìí, àfọ́kù gíláàsì ló kún pálọ̀. Àbúrò yín ló gbé kọ́bọ́ọ̀dù wá láàárọ̀, tòun ti ẹrù ara rẹ̀, ó lóun wá bá wa gbé, pé ẹ ti mọ̀ sí i. Mo ní kó kó o padà, pé nílé tiwa, bí ohun kan bá wọlé, ohun kan gbọ́dọ̀ jáde. Ó ní kí èmi kọ́kọ́ jáde ná. Ló bá tì mí, orí mi gbá ògiri níṣojú àwọn ọmọ.

Àáké yín ni mo lọ gbé. Kọ́bọ́ọ̀dù ti di igi ìdáná. Ẹ̀jẹ̀ ara ilẹ̀kùn, tiẹ̀ ni. Ta ló ní kó fọwọ́ gba àáké?

Ẹ gbé ọbẹ̀ kaná kó má bàa kan. Àbúrò yín ṣì wà ní yàrá, ó fi aṣọ ìkélé mi di ọwọ́.

Mo ti kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá mi. Àáké wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin ilé yìí. Bí ẹ bá fẹ́ ká wọlé padà, ẹ mọ ohun tó gbọ́dọ̀ jáde.

Ìyá Ìbejì